Iná Kẹfà ní Ibùdó Omi

Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ òkú náà. Wọ́n ti gbé e jáde sórí koríko níwájú yàrá kílórínì, wọ́n ká aṣọ funfun orí tábìlì àwọn àlejò, wọ́n fi bò ó, ṣùgbọ́n aṣọ náà kò gùn tó, ẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta: ọ̀kan nínú bàtà búlúù, èkejì ní ìhòòhò. Ìnsípẹ́kítọ̀ dúró, ó wo ẹsẹ̀ tó wà ní ìhòòhò yẹn fún ìgbà díẹ̀ kó tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Sùúrù ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe, nítorí pé bí àwọn yòókù bá ti ń jágbe mọ́ afurasí, òun á ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀." Nígbà tó yá, yẹ̀yẹ́ di orúkọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń dúró ti òkú báyìí, síbẹ̀ kò tíì mọ́ ọn lára.

"Ta ni?" ó bi Alága àdúgbò, tó káwọ́ lérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí Onígò ni," Alága dáhùn. "Òun ló ń yẹ omi wò fún wa. Kò sí ibi tó máa gbà kọjá tẹ́ ẹ ò ní gbọ́ ìró ìgò nínú báàgì rẹ̀. Ọ̀gá, kò yẹ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ lónìí o. Gbogbo ọjọ́, kí ló dé tó jẹ́ òní?"

Ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ náà yẹ kó jẹ́ lóòótọ́. Ibùdó Omi ni gbogbo omi ìdọ̀tí àdúgbò kékeré yẹn ń ṣàn sí, ti balùwẹ̀, ti ilé ìdáná àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láti ọdún pípẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbin rọ̀ sísàlẹ̀ adágún, kí wọ́n da omi tó kù sódò. Ṣùgbọ́n òjò ń dín kù, kànga ń gbẹ, ni wọ́n bá pinnu pé omi tí àwọn ń dà nù yẹn, àwọn á tún un ṣe kó lè wúlò lẹ́ẹ̀kan sí i: wọn á fi bomi rin oko ẹ̀fọ́, wọn á fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé, wọn á fi fọ ọkọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́ asẹ́ oníyanrìn. Wọ́n to iná mẹ́fà sínú páìpù gbọọrọ kan, iná tó ń pa kòkòrò inú omi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi kílórínì díẹ̀ sí i, gáàsì olóró tó ń pa kòkòrò tó bá kù, kó tó jáde. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àwọn aláṣẹ wá wò ó láti fọwọ́ sí i. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni òórùn kílórínì gba gbogbo ọgbà, tí igbe sì ta.

Nígbà tí atẹ́gùn ti fẹ́ gáàsì náà lọ, Ìnsípẹ́kítọ̀ fi áńkáṣífù bo imú, ó wọlé. Yàrá náà kò ju ìwọ̀n ibùsùn méjì lọ. Sílíńdà kílórínì méjì dúró ti ògiri, páìpù oníke kan jáde lára wọn, ó gba abẹ́ fèrèsé kọjá. Fèrèsé ọ̀hún ga, ó sì kéré, agbára káká ni àgbàlagbà fi lè ki orí bọ ibẹ̀. Páìpù náà ti kán, apá méjèèjì wọ́ sílẹ̀, bàtà búlúù kejì há sáàárín rẹ̀ àti ògiri. Lójú fèrèsé, ìka mẹ́rin ti fa eruku gọọrọ.

Ó yí padà sí ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún ni, bí wọ́n ti kun gbogbo ilẹ̀kùn ibùdó náà de àwọn àlejò. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Irin ìtìlẹ̀kùn kan ló wà lára rẹ̀ níta. Ìnsípẹ́kítọ̀ lọ wo ilẹ̀kùn mẹ́ta mìíràn. Ọ̀dà ti gbẹ mọ́ irin tiwọn pátápátá, ó hàn pé kò sẹ́ni tó fà wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kùn wọ́n. Ti yàrá kílórínì nìkan ni ọ̀dà ti bó. Nǹkan eléyín kan ti jẹ orí irin náà, eyín ọ̀hún sì hàn lójú rẹ̀ ní títò tẹ̀lé ara wọn, àfi ibì kan láàárín tó dán, bí ẹnu ẹni tí eyín rẹ̀ kan yọ.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

"Bàbá Ẹ̀rọ," Alága ní. "Ẹni tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ ibí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò níbí. Ìparí oṣù yìí ni yóò fẹ̀yìn tì."

Orí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni bàbá náà jókòó sí lẹ́bàá pọ́ǹpù ńlá. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, irun rẹ̀ ti funfun, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Pláyà kan wà nínú àpò aláwọ ní ìbàdí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

"Ọmọ mi ni, ọ̀gá," bàbá sọ láìgbójú sókè. "Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bu omi sínú ìgò tí ọwọ́ ò ní kàn án."

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Agogo kan ọ̀sán. Ó wọ yàrá kílórínì lọ wo òṣùwọ̀n, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ibi pọ́ǹpù níbí ni mo wà."

"Ṣé ẹ ti tan pọ́ǹpù nígbà náà?"

"Ìgbà yẹn gan-an ni mo tan án."

"Ẹ ò wá gbọ́ igbe kankan."

"Bí pọ́ǹpù yìí bá ń ké, ẹ ò lè gbọ́ ohùn ara yín. Nígbà tí mo pa á, mo ní kí n lọ wò ó. Òórùn lù mí nímú. Mo wọ ìbòmú, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bá a nílẹ̀."

"Ilẹ̀kùn kò wà ní títì?"

"Rárá o. Kí ni wọ́n fẹ́ tì í fún?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ti rí i pé bàbá náà fi ọwọ́ bo pláyà ìbàdí rẹ̀ nígbà tó ń sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, kò sì dùn mọ́ ọn pé òun rí i.

Agbaṣẹ́ṣe tó ṣe àtúnṣe ibùdó náà kò dúró kí wọ́n pe òun. Ọkùnrin sísanra ni, ó ṣì dé akoto iṣẹ́ sórí, òógùn ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rò," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti há, ó ń dún bí ti ẹni tó gbé èèpo ẹ̀pà mì. "Wọ́n á ní páìpù mi ò dáa. Páìpù yẹn kì í ṣe jákujàku! Ogún ọdún ni kò ní ṣe nǹkan kan. Àfi tí ènìyàn bá gorí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fi páìpù ṣe àkàsọ̀."

"Kí ló ṣe ohùn yín?"

"Pọ́ǹpù ni! Agogo méjì ààbọ̀ la jọ ṣàdéhùn pé ká tó tan án, tí àwọn àlejò bá dé ìdí rẹ̀. Agogo kan ni bàbá yẹn ti tan án. Etí ọ̀gá àwọn àlejò ni mo ti ń pariwo àlàyé sí, itọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀ ẹ́ tán. Mo ránṣẹ́ pé kó pa á. Ó ní àfi kó gbóná dáadáa."

"Láti agogo kan, ibo lẹ̀yin wà?"

"Abẹ́ àtíbàbà, láàárín ogójì ènìyàn. Ẹ bi ẹni tó bá wù yín."

Alága jẹ́rìí sí i. Ó tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un. "Àǹtí Onígò ló yẹ kó ka èsì àyẹ̀wò tuntun fún àwọn àlejò. A wá a títí. Mo bi Bàbá Ẹ̀rọ, ó ní ó ń bọ̀. Nígbà tí ojú ti fẹ́ gbà mí tì, èsì oṣù tó kọjá tó wà lára pátákó ni mo kà. Èsì yẹn dára gan-an. Ìyẹn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìnsípẹ́kítọ̀ lọ sílé olóògbé. Olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀, Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ pẹ̀lú òkìtì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú fèrèsé ilé ìdáná, ìgò kéékèèké mẹ́jọ dojú délẹ̀ lórí aṣọ ìnuwọ́, wọ́n ti gbẹ.

"Mo ti máàkì ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta," Tíṣà sọ. "Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, máàkì rẹ̀ kò bára mu. Ẹ jókòó, sà."

Ìnsípẹ́kítọ̀ jókòó. Fóònù obìnrin náà wà lórí tábìlì.

"Kì í mú un lọ síbi iṣẹ́?"

"Kílórínì ti ba ọ̀kan jẹ́ fún un. Láti ìgbà náà, ilé ló ń fi í sí. Gbogbo wọn ló mọ̀ níbẹ̀." Tíṣà fa ìwé kan tó ká sí méjì yọ lábẹ́ òkìtì náà. "Èyí ló fẹ́ kà fún àwọn àlejò. Ó kọ ọ́ síhìn-ín kó tó dà á kọ. Èsì ọ̀sẹ̀ yìí kò dáa, kòkòrò ṣì wà nínú omi náà. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn iná yẹn ti kú."

"Ta ló ti sọ fún?"

"Èmi nìkan. Ó ní òun fẹ́ kí Bàbá Ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu òun láàárọ̀, kó má ba à bá a lójijì níwájú àlejò." Tíṣà wo fèrèsé. "Bàbá ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ bàbá tirẹ̀ ṣì wà láyé."

Ìnsípẹ́kítọ̀ ka ìwé náà. Ó ka ìparí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ká a, ó fi í sí àpò àyà, ojú rẹ̀ sì walẹ̀.

"Sà," Tíṣà ní, "ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ."

Nígbà tí wọ́n dé Ibùdó Omi, Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí agbaṣẹ́ṣe ṣí ìdérí páìpù àwọn iná náà. Márùn-ún ń tàn. Ìkẹfà dúdú.

"Yéè!" agbaṣẹ́ṣe kígbe. Ó yọ akoto. "Wọ́n ti fọ́ iná yìí! Ẹ wò ó, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀. Ọ̀gá, mo búra, kì í ṣe bí mo ṣe fi í sílẹ̀ nìyí."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kò gbọ́ ti ìbúra. Ó ti tẹ̀ ba nọ́ọ̀tì irin tó di iná náà mú. Àpá eyín irin wà lára rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, àfi ibì kan láàárín tó dán.

Ó bá Bàbá Ẹ̀rọ nínú ilé pọ́ǹpù, ó ń fi àkísà nu ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Alága àti agbaṣẹ́ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà wà lẹ́yìn wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní pláyà yín."

Bàbá wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ ọ́, ó sì nà án sí i tọwọ́ méjèèjì. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé wà láàárín eyín rẹ̀, eyín kan sì ti yọ.

"Bàbá, ẹ sọ fún mi pé ilẹ̀kùn kò wà ní títì," Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ, kò pariwo. "Ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún kì í gun páìpù lọ síbi fèrèsé tí kò lè gbà á. Mo kọ́kọ́ rò pé páìpù ló kọ́kọ́ kán, tí obìnrin náà sì ń sá fún gáàsì. Ṣùgbọ́n bí gáàsì bá ti ń tú nísàlẹ̀ fèrèsé, ta ni yóò lọ bá a níbẹ̀? Ìyẹn ni pé ó ti ń wá ọ̀nà àtijáde kí gáàsì tó tú. Òun ló gorí páìpù, tí páìpù kán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ti tì í mọ́lé. Irin ìtìlẹ̀kùn yẹn ti gan nítorí ọ̀dà, ọwọ́ lásán kò lè fà á, pláyà tí eyín rẹ̀ kan yọ ni wọ́n fi fà á. Pláyà yẹn náà ló tú nọ́ọ̀tì iná kẹfà."

Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé pláyà náà sókè kí Alága lè rí i.

"Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe sọ fún mi pé wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú àdéhùn lẹ ti tan pọ́ǹpù, mo bi ara mi pé kí ló ń kán yín lójú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́, Bàbá. Ìgbà tó wọlé gan-an lẹ tan án. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Bàbá Ẹ̀rọ jókòó sórí korobá rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló bọ́," ó ní. "Mò ń nu iná náà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀gá. Àwọn ọmọ kéékèèké máa ń di imú tí mo bá ń kọjá. Ìyàwó mi kú, àwọn ènìyàn dúró lókèèrè kí mi nítorí òórùn aṣọ mi. Omi ìdọ̀tí ni mo fi gbogbo ayé mi dà sódò. Lọ́dún yìí nìkan ni wọ́n tó ní omi ọwọ́ mi á wúlò. Mo wá fọ́ ohun tí wọ́n rà fún un. Ojú tì mí. Mo lẹ̀ ẹ́."

"Ó sì wá sọ fún yín láàárọ̀ àná."

"Ó ní, 'Bàbá, èsì yìí kò dáa, mo sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.' Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo jáde. Mi ò lè gbọ́ èyí tó kù." Ó nu ojú pẹ̀lú àkísà, gíríìsì sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Wákàtí méjì péré ni mo fẹ́ fi tì í. Kí àwọn àlejò lọ ná. Mo ní màá ṣí i, màá dọ̀bálẹ̀, màá bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé á bínú. Mo mọ̀ pé á dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ páìpù yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ká ní mo mọ̀..."

"Ṣé ó pè yín?"

Tíṣà ló bèèrè. Ó ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Bàbá Ẹ̀rọ kò lè gbójú sókè. "Mi ò gbọ́ ọ, ọmọ mi. Pọ́ǹpù ń ké. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni á máa pè."

Tíṣà yí padà, ó jáde sínú oòrùn.

"Kí ló wà nínú ìwé tó fẹ́ kà?" bàbá bèèrè. Ó ti rí i lápò àyà Ìnsípẹ́kítọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ṣé ó dárúkọ mi?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ ì bá ti parọ́. Ó ronú nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ṣì máa ka ìwé yẹn ní gbangba, kò sì fẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ ni bàbá á ti gbọ́ ọ. Ó yọ ọ́, ó kà á jẹ́jẹ́.

"'Iná kan ti kú nínú mẹ́fà. Mo ti ní kí àwọn tó ń tà á fi òmíràn ránṣẹ́, yóò dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ tuntun, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Ní ọjọ́ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Bàbá wa tó ti ń tọ́jú ibí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí omi náà fún àdúgbò.'"

Ìró tó jáde lẹ́nu bàbá náà kì í ṣe ẹkún, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀. Agbaṣẹ́ṣe kọjú sí ògiri. Kọ́púrù tó bá wọn wá láti àgọ́ ọlọ́pàá, tó yẹ kó fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí bàbá lọ́wọ́, ń wo Ìnsípẹ́kítọ̀, Ìnsípẹ́kítọ̀ sì mi orí fún un pé kó fi í sílẹ̀. Ó di bàbá mú lápá, wọ́n jọ rìn lọ síbi ọkọ̀ bí ẹni tó ń mú àgbàlagbà kọjá títì.

Lójú ọ̀nà, bàbá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. "Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó bá máa gba iṣẹ́ náà pé fáàfù kẹta máa ń há. Kó kọ́kọ́ yí i sí òsì díẹ̀. Kó má fi agbára mú un."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Iná tuntun dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ti kọ ọ́. Wọ́n yẹ omi náà wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára. Kò sí àtíbàbà, kò sí àlejò, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ nígbà tó kọ́kọ́ ṣàn dé oko ẹ̀fọ́. Alága bẹ Tíṣà pé kó wá ṣí i. Tíṣà ní kí wọ́n má bínú, òun ní kíláàsì láti kọ́.

Adájọ́ ní òun gbà pé bàbá kò ní in lọ́kàn láti pànìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́. Ó rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje. Ìnsípẹ́kítọ̀ kì í bẹ àwọn tó bá mú wò lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ó lọ wo ẹni yìí, nígbà tó di oṣù kẹta. Bàbá ti rù sí i. Wọ́n jókòó kọjú síra wọn.

"Ṣé omi náà mọ́?" bàbá bèèrè.

"Ó mọ́, Bàbá. Ẹ̀fọ́ ti yọ."

Bàbá mi orí lẹ́ẹ̀mélòó kan pé òun gbọ́. Ó wá dìde láìjẹ́ pé àkókò ti tó, ó ní kí wàrídà mú òun padà sínú yàrá òun.